Wọ́n Lẹ Táìsì Lé Màmá Àgbà Lórí

Ìpókíá,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, 2019.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìhín. Ẹ kú ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò wa tó ń sọ yín. Bólúwadúró àbúrò mi ní kí n kí yín. Ó ti ga, ó sì ti ń purọ́. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé òun rántí ojú yín, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọwọ́ ló wà nígbà tí ẹ lọ.

Ẹ má bínú pé ìwé ni mo kọ, mi ò pè yín. Ọwọ́ Bàbá ni fóònù wà. Tí ẹ bá sì pè, wọn á tẹ̀ ẹ́ kí ohùn yín máa jáde síta, wọn á wá dúró tì mí bí aṣọ́bodè. Kí ni mo fẹ́ sọ níwájú wọn? "A wà dáadáa, mà." Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn. Irọ́ ni. A ò wà dáadáa. Lukman ọlọ́kadà ni mo fi ìwé yìí rán. Ó mọ ọ̀nà igbó tó já sí Ìgólò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó ní òun mọ awakọ̀ kan lọ́hùn-ún tó ń ná ọ̀nà Àbíjàn.

Màmá, Bàbá fẹ́ ta ilé.

Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bodè lóṣù Kẹjọ, ìrẹsì ò gba ibí kọjá mọ́, Bàbá ò sì mọ òwò míì. Mọ́tò tí wọ́n fi ń kó o wà ní àgọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, koríko ti hù bo táyà rẹ̀. Bàbá ní Ìpókíá ti kú, àfi ká ta ilé ká lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn ní Ayétòrò ká máa dín gàrí. Mo ní, "Ṣé ẹ ti sọ fún Màmá?" Wọ́n ní, "Orúkọ ta ló wà nínú ìwé ilẹ̀? Ìyá ẹ wà ní Àbíjàn. Ṣé inú ilé yìí ló ń sùn ni?"

Ejẹ́ǹtì kan ló ń bá wọn wá oníbàárà, Wisdom lorúkọ rẹ̀, Ìlaròó ló ti wá. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wàásù. Ó ní ilé dà bí ìyàwó, a kì í mú un jáde fún àlejò kó tó bọ́jú. Ó wá ń yí ilé ká, ó ń nawọ́: ẹ kun ibí, ẹ gbé tọ̀hún kúrò, àwọn ọmọ yìí gbọ́dọ̀ pòórá lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ń bọ̀. Ó ní ẹni tó bá rí ọmọ nínú ilé á máa rò pé ẹ ò ní kó jáde fún òun.

Gbólóhùn tí ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri kí ẹ tó lọ, ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ, èmi ni wọ́n ní kí n fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Mo pa á rẹ́. Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, láti TÍTÀ. Nígbà tó ku ILÉ YÌÍ nìkan, mo jókòó sílẹ̀, ẹkún gbọ̀n mí, èmi náà ò mọ ìdí ẹ̀, torí mi ò fẹ́ràn ilé yìí.

Ó wá ku Màmá àgbà. Wisdom dúró ní yàrá iwájú, ó wo sàréè wọn lábẹ́ fèrèsé, ó ní, "Bàbá, èyí ńkọ́?"

Bàbá ní, "Ìyá ìyàwó mi ni."

Ó ní, "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kúrò lójú o."

Kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Mo dákẹ́ níbí kí ìwé má baà tán mọ́ mi lọ́wọ́.

Èmi tí ẹ fi sílẹ̀,
Ṣèyífúnmi.


Àbíjàn,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá, 2019.

Àpèkẹ́ mi,

Mo gbọ́ kíkí rẹ, ọmọ mi. Ilé ìdáná ọ̀gá mi ni mo ti ka ìwé rẹ, ata jóná lórí iná, ìyàwó ilé pariwo lé mi lórí ní Faransé, mi ò tilẹ̀ gbọ́ ọ.

Kọ́kọ́ gbọ́ tìrẹ ná. Ìkọ̀wé rẹ dà bí ìgbà tí adìẹ bá tan ilẹ̀. Awakọ̀ tó mú ìwé rẹ wá ní o ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé torí pé mi ò sí níbẹ̀, kí kálukú máa ṣe bó ṣe wù ú?

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ilé. Bàbá rẹ ló ni orúkọ, èmi ni mo ni òógùn. Nígbà tí a fẹ́ ra ilẹ̀, wọ́n ní kò dáa kí orúkọ obìnrin wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, mo gbà. Ìyá mi ni mo kọ́ ilé yẹn fún. Nígbà tó kú, mi ò rọ́nà wá. Inú fóònù ni mo ti ń wò ó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀. Àwòrán náà á dúró, á tún sáré, nígbà tí yóò tún fi dúró, erùpẹ̀ ni mo rí. Mo ní kí wọ́n sin ín sábẹ́ fèrèsé níbi tó máa ń jókòó sí, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Sàréè yẹn ló máa bá mi ṣọ́ ilé. Ta ni orí rẹ̀ pé tó máa fi owó rẹ̀ ra ilé kó máa sùn ti òkú olókùú? Gbọ́ mi dáadáa, Àpèkẹ́. Ohun yòówù kí wọ́n fi bò ó, lọ́jọ́ tí oníbàárà bá dé, ìwọ là á mọ́lẹ̀ fún un. Níwájú bàbá rẹ ni o. Sọ pé, "Ìyá ìyá mi wà lábẹ́ ibí." Wàá rí bí yóò ṣe sá bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀.

Ṣé o ṣì ń fọ sàréè náà lọ́jọ́ Sátidé bí mo ṣe wí? Máa fọ̀ ọ́. Jẹ́ kí bodè là díẹ̀, mo ń bọ̀ wálé, mi ò tún ní padà síbí mọ́.

Má fi ìwé yìí han bàbá rẹ. Fi ẹnu ko Bólúwadúró lẹ́nu fún mi, kí o sọ fún un pé irọ́ kì í ṣe ohun à ń fi dàgbà.

Ìyá rẹ ni mo jẹ́ títí.


Ìpókíá,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, 2019.

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún tó ń bọ̀. Ìwé yín pẹ́ kó tó dé. Lukman ní àwọn ṣọ́jà lé òun, òun fi ọ̀kadà sílẹ̀, òun sá wọ oko ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìwé yín nínú ṣòkòtò. Ó bú mi dáadáa kó tó fún mi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kò sí wọ́sáàpù nílé bàbá ẹ ni?"

Kí ìwé náà tó dé, wọ́n ti lẹ táìsì lé Màmá àgbà lórí.

Bàbá fi hámà fọ́ òkè sàréè tó yọ jáde, kó lè dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ilé. Orúkọ Màmá àgbà là sí méjì, ó tún là sí mẹ́rin. Bàbá kó o sínú àpò sìmẹ́ńtì, wọn ò wo ojú mi. Èmi ni mo pọn omi, èmi náà ni mo gbé yanrìn. Táìsì aláwọ̀ wàrà ni, òdòdó wà ní igun rẹ̀. Ó rẹwà, Màmá. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Yàrá yẹn ò rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ bi mí bóyá mo ń fọ sàréè. A máa ń jókòó lórí rẹ̀ jẹun ni. Ibẹ̀ ni Bólúwadúró ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀, torí ó tutù lọ́sàn-án. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo kú, ìyẹn máa wù mí ju kí wọ́n máa fọ̀ mí lọ.

Oníbàárà àkọ́kọ́ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ láti Ìlaròó. Ẹ ò bá rí ilé wa. A yá àga àti kọ́tìnnì lọ́wọ́ ìyàwó pásítọ̀. A yá jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n lè rí i pé iná ń tàn. Epo ẹ̀ gan-an, inú ìgò ni Lukman ti tà á fún wa, torí wọn ò gbé epo wá sí ìlú wa mọ́, wọ́n ní a sún mọ́ bodè jù. Wisdom ní kí n se ewé tíì sínú ìkòkò kí ilé lè máa ta sánsán. Wọ́n mú Bólúwadúró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fẹ́ mú èmi náà lọ, Wisdom ní rárá, kí n wọ aṣọ mímọ́, kí n gbé omi fún àlejò. Ó ní, "Tí wọ́n bá bi ẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ẹ́."

Mo wo ojú Bàbá kí wọ́n lè sọ pé rárá. Wọ́n ń tún kọ́tìnnì ṣe.

Mi ò tíì ka ìwé yín nígbà yẹn, mo dákẹ́. Ìyàwó náà fọwọ́ kan ògiri, ó ní ó dáa. Ọkọ rẹ̀ ò wo ògiri. Ilẹ̀ ló ń béèrè. Ta ló tà á fún yín, ta ló ti ń gbé e, ṣé kò ní wàhálà. Bàbá ń kálòlò. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọn ò padà wá. Nírọ̀lẹ́, a gbé àga rù, a dá a padà fún ìyàwó pásítọ̀, a jókòó sílẹ̀ lórí táìsì.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nígbà tí mo ka ìwé yín, mo kórìíra yín díẹ̀. Ìkọ̀wé mi dà bí ti adìẹ torí kò sí owó ilé ìwé. Ẹ ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ látọdún Àjíǹde, ẹ̀yin náà mọ̀, Bàbá kì í sì sọ̀rọ̀ ẹ̀. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n ta ilé yìí. Mo fẹ́ lọ sí Ayétòrò. Níbí, gbogbo èèyàn jókòó síwájú ilé wọn, wọ́n ń wo títì bí ẹni ń wo òkú. Ẹ̀yin ń jà fún ilé tí ẹ ò sùn nínú ẹ̀ láti ọdún méje. Èmi ni mò ń sùn nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n màá sọ ohun tí ẹ ní kí n sọ. Mi ò ní lè sùn tí mi ò bá sọ ọ́. Ẹ kàn má retí pé kí inú mi dùn.

Ọmọ yín náà ni,
Ṣèyífúnmi.


Ìpókíá,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kìn-ín-ní, 2020.

Màmá mi,

Mo kí yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Bóyá inú ń bí yín. Ẹ tún bá mi gba èyí, kí ẹ wá bínú sí méjèèjì pọ̀.

Oníbàárà kejì dé lọ́jọ́rú. Alàgbà Ọ̀jẹ̀túndé ni wọ́n ń pè wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ará Igbogila. Wọ́n ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn. Wisdom ní, "Alàgbà, ẹ gbóòórùn ilé! Ẹ fi imú yín gbà á wọlé!" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, imú mi ò ra ilé rí."

Wọ́n jókòó sórí àga ìyàwó pásítọ̀. Wọ́n ní bodè máa là lọ́jọ́ kan, pé àwọn lè dúró dè é, ọjọ́ tó kù fún àwọn láyé pọ̀ díẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí Bàbá. "Ẹ ti pẹ́ níbí?"

Bàbá ní, "Ó ti pẹ́, sà."

"Òkú yín ńkọ́? Ibo lẹ sin wọ́n sí?"

Wisdom já a gbà. "Ilé yìí mọ́ tónítóní, sà! Kò sí òkú kankan níbẹ̀."

Alàgbà wo gbogbo ilẹ̀ yàrá náà yíká. Wọ́n ní, "Ẹ pẹ́ níbí tó báyìí, ẹ ò sin ẹnì kankan sí i? A jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín. Ayálégbé ló máa ń gbé òkú rẹ̀ lọ sin síbòmíràn. Èmi ò ra ẹjọ́ o." Wọ́n gbé ọ̀pá wọn, wọ́n dìde.

Màmá, ká ní mo dákẹ́ ni, wọn ì bá ti lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ti wà lẹ́nu mi láti àárọ̀, mo ti ń wí i sínú bí ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ní kéèyàn há sórí. Nígbà tí wọ́n tún wá ní ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín, nǹkan kan gbé mi. Mo ní, "Ìyá ìyá mi wà lábẹ́ ibí. Wọ́n fi táìsì bò wọ́n kí ẹ má baà rí wọn."

Ẹnu Bàbá là sílẹ̀. Wisdom ní, "Ẹ má dá a lóhùn, sà, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, orí ẹ̀ ò pé."

Alàgbà ní, "Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ní ìyá àgbà nínú ilé?" Wọ́n padà jókòó. Wọ́n ní kí Bàbá ṣí táìsì kan. Bàbá fi ọ̀bẹ ìdáná ṣí i. Alàgbà fi ọ̀pá kan sìmẹ́ńtì sàréè, wọ́n tẹ́tí sí i. Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Kí lẹ̀ ń fi onílé pamọ́ sí? Ìyá yìí ni ìwé ilẹ̀ yín. Ẹ wá, èló ni ká san?"

Wọ́n ti sanwó. Kí oṣù tó parí, a máa ti kó jáde. Àwọn oníbàárà àkọ́kọ́ yẹn náà, Wisdom ti wá lọ bi wọ́n, àìrí sàréè kankan náà ló lé wọn lọ.

Bàbá ò nà mí. Wọ́n ra bàtà fún mi. Bàtà náà ò fún mi, ó sì ń dán, mi ò lè wọ̀ ọ́.

Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe, Màmá. Òun gan-an ló ta ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, kódà kí ó jẹ́ èébú.

Ṣèyífúnmi.


Àbíjàn,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, 2020.

Àpèkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó jọ ìyá mi,

Mo kí ọ, mo kí àbúrò rẹ. Kí bàbá rẹ náà pẹ̀lú. Ìwé tí o kọ nínú oṣù Kejìlá tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mi ò tíì rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. O ní o kórìíra mi díẹ̀. Díẹ̀ yẹn kéré, mo dúpẹ́.

Ọmọ mi, irọ́ ni mo pa fún ọ nínú ìwé àkọ́kọ́. Mi ò sí nílé ìdáná ẹnikẹ́ni. Orí ẹní ni mo ti ka ìwé rẹ. Láti ìgbà Àjíǹde ni nǹkan kan ti wú sí mi nínú ikùn, àwọn dókítà ibí ti wò ó, wọ́n ti fi mí sílẹ̀. Obìnrin ará Ṣakí kan tí a jọ ń gbé yàrá ló ń fún mi ní ẹ̀kọ mu. Òun ló ń bá mi kọ èyí, bí o bá rí i pé ìkọ̀wé náà dáa, kì í ṣe tèmi.

Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Ojú ló tì mí. Ta ló máa ń lọ sí ìdálẹ̀ kó wá ránṣẹ́ sílé pé òun ò ní nǹkan kan mọ́, àfi àìsàn?

O ti gbìyànjú lórí ọ̀rọ̀ ilé, ó ti tó. Má bá bàbá rẹ jà mọ́. Sọ fún un pé mo ní kó ta ilé. Kó mú ọ padà sí ilé ìwé. Kí ẹni tó bá rà á ṣe é bó ṣe wù ú, kó wó ògiri, kó kun ún. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ fún: àyè ẹ̀gbẹ́ ìyá mi lábẹ́ fèrèsé. Kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ nínú títà náà. Kí bàbá rẹ sọ ọ́ kó tó gbowó o, torí lẹ́yìn owó, kò sẹ́ni tó máa ń gbọ́rọ̀. Awakọ̀ tó ń mú ìwé wa wá ti gbà pé òun máa gbé mi. Láàyè tàbí lókùú, ó ní òun mọ bí òun ṣe máa gbé mi gba igbó.

Mi ò bínú sí ọ. Mo rò ó dáadáa kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ayétòrò,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 2020.

Màmá mi,

Ẹ kú ara, ẹ kú ìnira. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe. Mo kúnlẹ̀ ni mo fi ń kọ ọ́.

Ilé tí a tà ni Lukman gbé ìwé yín lọ. Alàgbà Ọ̀jẹ̀túndé fi í pamọ́, wọ́n pe Bàbá. Èmi àti Bàbá jọ wọkọ̀ lọ. Ní fàráńdà ni mo ti kà á fún Bàbá. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo tún un kà dé ibi ikùn yín, wọ́n ní ó tó.

A wọlé lọ bá Alàgbà. Wọ́n ti ṣí gbogbo táìsì yẹn kúrò. Wọ́n ti tún sàréè Màmá àgbà mọ, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n sì tún orúkọ wọn kọ. Wọ́n ní àlejò tó bá dé, ibẹ̀ làwọn kọ́kọ́ ń mú un dé, kó lè mọ̀ pé ọwọ́ onílé gan-an làwọn ti ra ilé.

Bàbá sọ ọ̀rọ̀ náà. Alàgbà gbọ́ ọ dópin, wọ́n fi ọwọ́ lérí. Wọ́n ní, "Ó ṣe mí láàánú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi náà. Òkú ló sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ ni ilé yìí. Tí mo bá wá jẹ́ kí ẹ sin ẹlòmíràn síbẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti sanwó, kí ni òkú yẹn máa sọ fún àwọn ọmọ mi lọ́la?"

Bàbá ní, "A máa fọwọ́ síwèé."

Wọ́n ní, "Ìwé wo? Ẹ ní ìwé nígbà tí mo wá, ṣé ìwé ni mo gbà gbọ́?"

Ni Bàbá bá dọ̀bálẹ̀. Mi ò rí i kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, àní lọ́jọ́ tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gba mọ́tò wọn. Wọ́n nà gbalaja sórí ilẹ̀, àyà wọn wà níbi tí ẹ ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín gan-an. Alàgbà ní, "Ẹ dìde, ẹ má ṣe mí báyìí." Wọ́n ní, "Òkú kan ni mo rà mọ́ ilé. Mi ò ra méjì."

Mo fẹ́ bú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wí yé mi.

Níbí ní Ayétòrò, ilé ẹ̀gbọ́n Bàbá ni a wà, yàrá kan ṣoṣo. Mo bi Bàbá bóyá a lè gbé yín wá síbí. Wọ́n ní ilé ẹ̀gbọ́n àwọn ni, pé òun náà ní ìyàwó àtàwọn ọmọ, kò sẹ́ni tó ń gbàlejò òkú. Wọn ò tíì mú mi lọ sílé ìwé, ìjọba sì ti ti gbogbo ilé ìwé báyìí nítorí àrùn tuntun yìí. Lukman ní ọ̀nà igbó náà ti dí, àwọn ṣọ́jà ti ń dá èèyàn padà, kì í ṣe ẹrù nìkan mọ́. Ó gba ìwé yìí lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí.

Nítorí náà, Màmá, ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ yẹn gbé yín. Ẹ bá mi bi ìyá ará Ṣakí yẹn ibi tí wọ́n máa ń sin àlejò sí ní Àbíjàn, àti orúkọ àdúgbò náà. Kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Faransé, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ há a sórí, kó má baà jẹ́ pé mo dé ibẹ̀ tán, mi ò ní mọ ohun tí mo fẹ́ béèrè.

Ṣèyífúnmi.